Má Jẹ́ Kí Fóònù Kíláàsì Di Asọ̀rọ̀mágbèsì

Ẹ̀kọ́ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí dá lórí fóònù tí tíṣà fi ń kọ́ wa ní kíláàsì. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ara yín. Àwọn kan ní wọ́n ti fòfin dè é, àwọn kan ní Pirinsípà ti fọwọ́ sí i. Ẹ fara balẹ̀ kà á dópin, torí pé ojú mi ló ṣe, èmi náà sì wà lára àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta táàmù yìí, tíṣà bàyọ́lọ́jì tó ń kọ́ àwa SS2 mú fóònù tirẹ̀ wá sí kíláàsì, ó sì gbé sípíkà kékeré kan dání. Owó àpò rẹ̀ ló fi ra dátà. Ó fi fídíò ọkàn èèyàn hàn wá: bó ṣe ń fún pọ̀, bó ṣe ń tú, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. Fídíò náà tó ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Àwa tó wà níwájú rí i dáadáa, àwọn tó wà lẹ́yìn gun orí bẹ́ǹṣì. Ariwo sọ, a pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún gbogbo ará ilé pé mo ti mọ ọkàn tinú-tẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kẹrin, tíṣà ní ká mú ìwé jáde. Ó ya ọkàn sójú bọ́ọ̀dù, kò kọ orúkọ kankan sí i. Ó ní ká kọ orúkọ yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú rẹ̀, ká sì ṣàlàyé ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà láti ìgbà tó bá wọlé títí tó fi máa jáde. Èmi tí mo ti pariwo nílé, 4 ni mo gbà nínú 20. Ẹni tó ṣe dáadáa jù nínú wa gba 9.

Ọ̀rọ̀ dé etí Pirinsípà. Wọ́n ní, “Ṣebí mo sọ bẹ́ẹ̀? Fóònù yìí ń da orí àwọn ọmọ rú ni.” Wọ́n ní kí tíṣà máa lo ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀dù rẹ̀ bíi tàtijọ́. Tíṣà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní pírióòdù kan péré sí i. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn fúnra àwọn máa wá jókòó lẹ́yìn wo bí nǹkan ṣe ń lọ.

NÍBO NI A TI ṢÌNÀ?

Mo mú ìwé 4 nínú 20 yẹn délé ní Bẹyẹrunká. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mò ń gbé. Ìyá bi mí pé kí ló dé tí ojú mi rí báyìí, mo sì ṣàlàyé. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n wá bi mí pé:

“Fídíò yín yìí, ṣé ẹ máa ń bi í ní ìbéèrè?”

Mo ní, “Ìyá, èèyàn kì í bi fídíò ní ìbéèrè. Ẹ kàn máa wò ó ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ah, asọ̀rọ̀mágbèsì nìyẹn nígbà yẹn!”

Àwọn ọ̀dọ́ inú wa lè má mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí rédíò tó wọ́pọ̀ nílé, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ara ògiri. Wáyà ló ń gbé ohùn wá sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ń pín in, onílé á sì máa san owó lóṣooṣù. Ọdún 1935 ni ètò yìí bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ó sì dé Ìbàdàn níbí lọ́dún 1939. Èèyàn ò lè yí i sí ibòmíràn. Ohun tí wọ́n bá gbé wá náà ni onílé máa gbọ́. Òun làwọn baba wa wò tí wọ́n fi sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì: ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Ìyá ní àwọn àgbàlagbà kan nínú agboolé wọn a máa dá a lóhùn, wọ́n á máa bá a jiyàn, àwọn ọmọdé á sì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo gbé ìwé ìdánwò mi, mo wo ibi tí mo ti kùnà. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo rí? Gbogbo ohun tó yẹ kó wà lápá ọ̀tún ni mo kọ sápá òsì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú fídíò, wọ́n ń sọ pé “apá ọ̀tún ọkàn”, ṣùgbọ́n apá òsì ojú fóònù ni wọ́n ń tọ́ka sí. Mo rántí pé ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú nígbà náà, ṣùgbọ́n fídíò ti ń lọ. N ò lè ní kó dúró, n ò sì fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dákẹ́.

KÌ Í ṢE ÒNÍ LÓ BẸ̀RẸ̀

Ẹ má rò pé ìran tiwa ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ wọ kíláàsì. Ìlú Ìbàdàn wa yìí ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Ní oṣù January ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wọlé lọ́dún yẹn ju 800,000 lọ. Tíṣà ò tó. Nígbà tí ìjọba yẹn kan náà dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù October ọdún 1959, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ara ìdí tí wọ́n sọ ni pé yóò ran àwọn ilé-ìwé lọ́wọ́ níbi tí tíṣà ò bá ti tó.

Lọ́dún 2020 tí àrùn kòrónà ti gbogbo ilé-ìwé pa láti oṣù March, ọ̀rọ̀ yẹn tún padà wá. Wọ́n ń kọ́ni lórí rédíò àti tẹlifíṣàn. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà nígbà náà. Mo rántí pé màmá mi á jókòó tì mí, á ní, “Kí ni wọ́n sọ? Tún un sọ fún mi.” Ọjọ́ tí màmá mi bá lọ sí Ọjà'ba, tí kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan, mo máa ń sùn sídìí rédíò ni.

Ẹ wo Ọ̀ṣun náà. Lọ́dún 2013, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà, wọ́n pín ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ilé-ìwé girama. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀, kò sì dìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà kí wọ́n tó lè kà á. Ọpọ́n Ìmọ̀ ni wọ́n sọ ọ́, bí ẹni ń pe ọpọ́n Ifá. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọpọ́n ò lè dá Ifá fúnra rẹ̀. Àfi kí ẹnì kan tẹ̀ ẹ́, kí ẹni tó wá ní ohun tó fẹ́ béèrè, kí wọ́n sì jọ yẹ ohun tó jáde wò.

Ẹ̀KỌ́ KAN NÁÀ, Ọ̀NÀ MÌÍRÀN

Ọjọ́ pírióòdù kejì pé. Pirinsípà wọlé, wọ́n jókòó lẹ́yìn. Tíṣà ò tíì tan fóònù. Ó ní, “Kí n tó tẹ ohunkóhun, ta ló ní ìbéèrè látinú èyí tí ẹ wò lọ́jọ́sí?” Gbogbo wa dákẹ́. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ló nàka sókè láti ìdí fèrèsé. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀tún ta ni wọ́n ń sọ?”

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ dákẹ́. Ìbéèrè tó yẹ kí n dáhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ̀bi mi ni. Mo rò pé fídíò ti sọ ọ́.” Ó ní kí n dìde kí n kọjú sí àwọn ará kíláàsì, kí n na ọwọ́ ọ̀tún mi. Ó bi wọ́n pé apá ibo ni ọwọ́ mi wà lójú wọn. Wọ́n ní apá òsì. Ó ní, “Ọkàn tó wà nínú fídíò, bíi pé ó wà láyà ẹni tó kọjú sí yín ni. Ọ̀tún ẹni tó ni ọkàn ni à ń sọ, kì í ṣe ọ̀tún ẹni tó ń wò ó.”

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dè wá mọ́lẹ̀?

Lẹ́yìn náà ló tan fídíò. Ìṣẹ́jú méjì, ó dá a dúró. Ó ní kí ẹni kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó rí fún ẹni tó jókòó tì í. Ó tún tàn án, ó tún dá a dúró, ó ní ká yà á sínú ìwé. Nígbà tó yá, ó kó wa síta, ó fi ṣọ́ọ̀kì ya yàrá mẹ́rin sórí kọ́ńkéré, ó ní kí àwa fúnra wa di ẹ̀jẹ̀, ká máa rìn. Àwọn tó bá ní ọ́síjìn á mú bébà pupa dání, àwọn tí tiwọn ti tán á mú búlúù.

Ọ̀nà tí a rìn nìyí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀:

Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Tòkè ni ìwé wa ń pè ní atrium, tìsàlẹ̀ ni ventricle. Ògiri kan là á láàárín kí ẹ̀jẹ̀ apá ọ̀tún má bàa dà pọ̀ mọ́ tòsì. Ẹ̀jẹ̀ tó ti yí gbogbo ara ká, tó ti pín ọ́síjìn rẹ̀ fún ara, á wọ yàrá òkè lápá ọ̀tún. Á sọ̀kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ibẹ̀ ni ọkàn á ti tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Nínú ẹ̀dọ̀fóró ló ti máa já carbon dioxide sílẹ̀, tó sì máa gba ọ́síjìn tuntun. Á wá padà sí yàrá òkè lápá òsì, á sọ̀kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì, láti ibẹ̀ ni ọkàn á ti fi agbára tì í jáde lọ sí gbogbo ara. Láàárín yàrá òkè àti tìsàlẹ̀, ìlẹ̀kùn kékeré kan wà tó máa ń ṣí sí ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ṣẹ́rí padà.

Kí ló dé tí ògiri yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì fi nípọn ju tọ̀tún lọ? Nígbà tí mo rìn ín lórí kọ́ńkéré ló tó yé mi. Láti apá ọ̀tún, ẹ̀dọ̀fóró ò jìnnà rárá. Láti apá òsì, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè dé orí, kó sì sọ̀kalẹ̀ dé ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ ló ń lágbára.

Ìṣẹ́ àṣetiléwá tiwa ni pé ká ka bí ọkàn wa ṣe ń lù. Lọ́jọ́ Sátidé, àwa mẹ́rin yá fóònù bàbá ọ̀rẹ́ mi kan, a lọ sí Màpó. Ní ìsàlẹ̀ òkè, mo fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ mi, ọ̀rẹ́ mi ń fi aago fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá 30. Ó lù ní ìgbà 39. Ẹ sọ ọ́ di méjì, 78 nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú kan. A sáré gun òkè dé iwájú gbọ̀ngàn, a tún kà á: 66, ìyẹn 132 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹran ara tó ń ṣiṣẹ́ ń béèrè ọ́síjìn púpọ̀ sí i, ọkàn ò sì gbọdọ̀ jókòó. Lọ́jọ́ yẹn, fóònù ò sọ ohunkóhun fún wa. Àwa la bi í ní ìbéèrè.

Nígbà tí tíṣà tún ìdánwò náà ṣe, mo gba 16.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ FI FÓÒNÙ KAN KỌ́ ÈÈYÀN PÚPỌ̀

Nínú ohun tí ojú mi rí, ìlànà márùn-ún ni mo kó jọ fún tíṣà, fún olórí kíláàsì àti fún ẹ̀yin tí ẹ máa ń kàwé pọ̀ nílé.

Èkíní, ẹ kọ ìbéèrè sójú bọ́ọ̀dù kí ẹ tó tan fídíò. Ẹni tó mọ ohun tó ń wá ló máa rí i.

Èkejì, ẹ ti gbà á sínú fóònù láti ilé. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé iná. Ẹ gba agbára sí i lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ẹ̀kẹta, ẹ máa dá a dúró ní ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Kí ẹnì kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́, bó bá jẹ́ Yorùbá ló fi máa yé e, kó fi Yorùbá sọ ọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ pín ara yín sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Bí ọ̀wọ́ kan bá ń wo fóònù, kí èkejì máa yàwòrán, kí ẹ̀kẹta máa yanjú ìbéèrè, lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀. Kò sẹ́ni tó máa gun bẹ́ǹṣì mọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ pa fóònù kí ẹ tó parí. Ohun tí ẹ bá lè sọ nígbà tí ojú rẹ̀ ti ṣú, òun lẹ mọ̀. Ìyókù, fóònù ló mọ̀ ọ́n.

ṢÉ KÍ WỌ́N KÚKÚ FÒFIN DÈ É?

Mi ò bá Pirinsípà jà. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kì í ṣe irọ́. Gbogbo wa la mọ ẹni tó máa ń gba géèmù nígbà tí tíṣà bá kọ ẹ̀yìn, a sì mọ àwọn tó máa ń ya fọ́tò ẹlòmíràn kiri. Ṣùgbọ́n bí a bá lé ẹ̀rọ jáde pátápátá, ibì kan wà níwájú tó ń dúró dè wá.

Lọ́dún 2013 ni JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò, láti ọdún 2015, kọ̀ǹpútà nìkan ni gbogbo èèyàn fi ń ṣe é. Lọ́dún 2024, WAEC náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún àwọn tó ń ṣe ìdánwò àdáni. Ìbéèrè JAMB jẹ́ 180, àkókò jẹ́ ìṣẹ́jú 120. Ẹ pín in: ìṣẹ́jú àáyá 40 fún ìbéèrè kan.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa tó mọ̀wé gan-an. Òun ló ń ṣàlàyé kẹ́mísírì fún gbogbo wa. Ọjọ́ ìdánwò ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láyé rẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun ń gbọ̀n, ohun tí òun ń fà lórí tábìlì ń sá lọ síbi tí òun ò rán an, ogún ìṣẹ́jú sì ti lọ kí òun tó fara balẹ̀. Kẹ́mísírì ò fìyà jẹ ẹ. Àìmọ̀ọ́lò ni. Ọdún kan gbáko ló fi dúró sílé.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé èèyàn lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe ìdánwò náà. A, B, C àti D ni wọ́n fi ń yan ìdáhùn. N ń gbé èèyàn lọ síbi ìbéèrè tó kàn, P ń dá a padà sí èyí tó ṣáájú. R ń dá ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe padà, S ni ti ìparí, ẹ má tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ò bá tíì ṣe tán o! Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé lè ya kíbọ́ọ̀dù sórí páálí kó fi kọ́ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà. Páálí ò lè rọ́pò kọ̀ǹpútà, ẹ gbìyànjú kí ẹ fọwọ́ kan ojúlówó lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ọjọ́ tó pé. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹ lọ síbẹ̀ bí àlejò.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ DÉ

Pirinsípà ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ní tíṣà lè máa lo fóònù títí táàmù yìí á fi parí, pẹ̀lú àdéhùn mẹ́ta: ọwọ́ tíṣà nìkan ni fóònù máa wà, kò ní ju ìlàjì pírióòdù lọ, ìdánwò kékeré á sì tẹ̀ lé gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá fi kọ́. Bí àmì wa bá tún lọ sílẹ̀, ó parí nìyẹn. Kì í ṣe SS2 nìkan ló kàn o. Ẹ̀yin JSS tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, bí a bá bà á jẹ́, ẹ ò ní bá a.

Torí náà, ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ohunkóhun hàn yín, tí nǹkan kan rú yín lójú, ẹ nàka sókè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn ló gbé gbogbo wa kúrò nínú 4.

Kí ìwé ògiri wa náà má bàa jẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì, a ti lẹ bébà òfìfo kan mọ́ ìsàlẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí, a sì so bírò mọ́ ọn. Ìbéèrè méjì rèé: Kí ló dé tí ìlẹ̀kùn inú ọkàn fi gbọ́dọ̀ máa ṣí sí ọ̀nà kan ṣoṣo? Bí ògiri àárín ọkàn bá ní ihò, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ pupa àti ẹ̀jẹ̀ búlúù wa orí kọ́ńkéré yẹn? Ẹ kọ èsì yín síbẹ̀, ẹ kọ kíláàsì yín sí i. Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú ohun tí mo kọ, ẹ kọ ìyẹn náà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa lẹ èyí tó dára jù síbí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jí bírò wa lọ.